Àyẹ̀wò ní kò sí nǹkan kan nínú àtọ̀: kí ló kù tí wọ́n lè ṣe?

Nínú ìwé èsì àyẹ̀wò àtọ̀, ìlà kan wà tí wọ́n máa ń kọ iye sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tó wà nínú mìlílítà kan sí. Nínú ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2021, mílíọ̀nù 16 ni wọ́n fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè bímọ. Àmọ́ nínú ọkùnrin 100, ẹni 1 wà tó jẹ́ pé òdo ni wọ́n máa kọ síbẹ̀ fún un. Láàárín àwọn tó ti ń wá ọmọ tí ọmọ ò dé, wọ́n tó 10 sí 15 nínú 100.

Òdo yẹn máa ń dá jìnnìjìnnì bo ọkùnrin. Ara rẹ̀ le, ó ń ṣe ojúṣe rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó, omi ń jáde, kò sí ibi tó ń dùn ún, wọ́n wá ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe akúra rárá. Omi tó ń ti kórópọ̀n wá kò tó nǹkan nínú gbogbo ohun tó ń jáde lára ọkùnrin, ibòmíràn nínú ara ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, ìdí nìyẹn tí ojú lásán kò fi lè mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Nítorí èyí náà ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í fi í lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìyàwó ni wọ́n máa ń tì síwájú, òun ni yóò máa gba abẹ́rẹ́, tí yóò máa lo oògùn, ọdún á máa gorí ọdún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ìdajì nínú ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí ni ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, yálà tòun nìkan tàbí tòun tìyàwó rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí tọkọtaya tó gba irú èsì bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ohun tó jáde síta ni láàbù yẹ̀ wò, wọn ò tíì yẹ kórópọ̀n fúnra rẹ̀ wò. Iṣẹ́ abẹ wà tí dókítà fi lè lọ bá sẹ́ẹ̀lì náà níbi tó wà, tí wọ́n á sì fi í ṣe oyún. Èkejì ni pé kí ẹnikẹ́ni tó gbé abẹ, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fa òdo yẹn. Ibi tí mo ti rí i pé nǹkan ti máa ń wọ́ nìyí, torí pé ọ̀nà tí a ó gbà wá a, bóyá a máa rí i, àti bóyá abẹ tiẹ̀ yẹ rárá, orí ìdí yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbòde kan lọ́dún 2025, nígbà tí àwọn oníṣègùn Columbia University ní New York kéde pé obìnrin kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń wá ọmọ fún nǹkan bí ọdún 19 ti lóyún. Ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní STAR ni wọ́n lò. Ó ń ya àwòrán omi àtọ̀ bó ṣe ń ṣàn kọjá nínú ọ̀nà tín-ín-rín, ó lè ya àwòrán tó ju mílíọ̀nù 8 lọ láàárín wákàtí kan, AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, á sì máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí sẹ́ẹ̀lì tí ojú èèyàn ò rí. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n rí, wọ́n sì tó. Látìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ ti di ohun àtijọ́. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń já díẹ̀díẹ̀ wọ inú omi àtọ̀ ni ẹ̀rọ yìí lè bá wá nǹkan. Bí ọ̀nà bá dí pátápátá, tàbí tó jẹ́ pé ìwọ̀nba tí kórópọ̀n ń ṣe kò dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ohun tí kámẹ́rà máa yà.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ ńlá kan wà nínú ìròyìn yẹn tó kan gbogbo ẹni tí wọ́n bá kọ òdo fún: ẹ má gba èsì ẹ̀ẹ̀kan. Ìlànà ni pé kí wọ́n ṣe é ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ yí omi náà kíkankíkan kí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lè tòrò sísàlẹ̀, kí wọ́n wá wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Láàbù tó bá kan tọ́ omi náà sórí gíláàsì, tó wò ó fìrí, tó sì kọ òdo, kò tíì ṣe iṣẹ́ náà tán. Ọkùnrin mìíràn wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n máa bá nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá rí ìwọ̀nba yẹn tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín, ó ṣeé ṣe kí abẹ má kan ẹpọ̀n rẹ̀ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta fi lè tó. Bí oyún bá fẹ́ dúró láàárín ọkọ àti aya, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ló ń gbéra, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á kú sójú ọ̀nà. IVF, ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ nínú láàbù, tí wọ́n fi bí Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tó wáyé lọ́nà yìí, ní July 1978, dín ìrìn náà kù, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ṣì gbọ́dọ̀ fi agbára ara rẹ̀ wọ inú ẹyin. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá fà jáde láti inú kórópọ̀n kò lágbára yẹn, kò tíì rin ìrìn tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Lọ́dún 1992 ni Gianpiero Palermo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels kéde ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ICSI: wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gíláàsì tó tín-ín-rín ju irun lọ gbé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, wọ́n á sì gún un wọ inú ẹyin obìnrin tààrà. Ẹyin kan, sẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn dókítà ní Australia ti rí oyún ṣe lọ́dún 1985 láti inú àtọ̀ tí wọ́n fà lẹ́yìn kórópọ̀n, àmọ́ irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀. ICSI ló sọ ọ́ di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Wàyí o, ìdí méjì gbòógì ló ń fa òdo. Àkọ́kọ́, kórópọ̀n ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀nà ló dí. Èkejì, ọ̀nà ṣí sílẹ̀, kórópọ̀n ni kò ṣe é jáde tó. Nínú ọkùnrin 10 tí èsì wọn jẹ́ òdo, nǹkan bí 4 wà nínú ti àkọ́kọ́, nǹkan bí 6 sì wà nínú èkejì.

Ti ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ dí kò le. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kúrò nínú kórópọ̀n máa ń gba inú páìpù kan tó ká mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá tú u, ó máa gùn tó mítà 6, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 ni sẹ́ẹ̀lì sì fi ń rìn ín. Àtọ̀sí tí wọn ò wò dáadáa lè di ibẹ̀, chlamydia náà lè dí i láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀ pé òun kó àrùn. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún ní kékeré lè ní ojú ọgbẹ́ tó há ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ so ọ̀nà àtọ̀ nígbà tó rò pé òun ti bímọ tán. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n bí wọn láìní páìpù kejì, èyí tó ń gbé àtọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ síwájú, lápá méjèèjì. Ọwọ́ ni dókítà tó mọṣẹ́ fi ń mọ̀: ó máa fi ìka méjì wá iṣan tó le díẹ̀ lókè kórópọ̀n, kò ní bá a. Omi tirẹ̀ máa ń kéré gan-an pẹ̀lú, kì í tó mìlílítà kan àtààbọ̀.

Fún àwọn wọ̀nyí, abẹ́rẹ́ lásán ti tó lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ wọ inú páìpù ẹ̀yìn kórópọ̀n tàbí inú kórópọ̀n fúnra rẹ̀, wọ́n á fà, láàbù á wò ó, ẹni náà á sì relé lọ́jọ́ náà. Ó lé ní 90 nínú 100 tí wọ́n ń rí sẹ́ẹ̀lì lára wọn. Ẹni tó so ọ̀nà rẹ̀ tiẹ̀ tún lè yàn láti tún un tú kó lè bímọ láìsí IVF, pàápàá bí kò bá tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sì kéré lọ́jọ́ orí.

Ti ìkejì ni iṣẹ́ wà. Ohun tó ń fà á pọ̀: kórópọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀ nígbà ọmọdé, segede tó bá ọkùnrin lẹ́yìn ìbàlágà tó sì wọ ẹpọ̀n, oògùn jẹjẹrẹ, ìtànṣán, àti ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, dókítà ò ní rí ìdí kankan. (Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ fún, bó bá ṣì fẹ́ bímọ, kó tọ́jú àtọ̀ rẹ̀ sínú yìnyín kí wọ́n tó fún un ní ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé lẹ́yìn ìtọ́jú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.)

Ẹ̀jẹ̀ àti ọwọ́ dókítà ni wọ́n fi ń ya ìkejì sọ́tọ̀ kúrò lára àkọ́kọ́. Họ́mónù kan wà tó ń jẹ́ FSH, òun ni ọpọlọ fi ń rán kórópọ̀n níṣẹ́ pé kó ṣe àtọ̀. Bí kórópọ̀n kò bá jẹ́ iṣẹ́, ọpọlọ á máa dà á sí i ni, FSH á lọ sókè. Bí FSH bá kéré sí 7.6 IU/L, tí kórópọ̀n sì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 4.6 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀nà ló dí. Bí FSH bá ga, tí kórópọ̀n sì kéré, iṣẹ́ ni kò lọ. Ẹ ò rí i pé kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì rí ìdí kan tí ẹnikẹ́ni á fi gé ẹpọ̀n ọkùnrin láti “wo inú rẹ̀” lásán nígbà tí nọ́ńbà méjì yìí lè sọ ọ̀rọ̀ náà.

Irú kẹta wà tí kò wọ́pọ̀, àmọ́ tó burú tí wọ́n bá ṣì í mú. Lára ẹni yìí, ọpọlọ ni kò rán iṣẹ́ rárá. FSH rẹ̀ máa wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹlòmíràn nínú wọn kì í gbóòórùn látìgbà tí wọ́n ti bí i. Abẹ́rẹ́ họ́mónù, hCG àti FSH, ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ó lè gba oṣù mélòó kan tàbí kó tó ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àtọ̀ máa ń yọ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì máa ń fún ìyàwó wọn lóyún nínú ilé láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan abẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ń ká mi lára jù rèé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló fi ọwọ́ ara wọn pa iṣẹ́ yìí lẹ́nu mọ́, tí wọn ò sì mọ̀. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ testosterone kí ara rẹ̀ lè le, ẹni tó ń lo oògùn àwọn tó ń gbé irin kí igẹ̀ rẹ̀ lè yọ, ẹni tí wọ́n ní kó lo jẹ́ẹ̀lì fún okun ọkùnrin: bí ọpọlọ bá ti rí testosterone púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á gbà pé iṣẹ́ ti pé, kò ní rán kórópọ̀n níṣẹ́ mọ́. Testosterone tó wà nínú kórópọ̀n gan-an, tí àtọ̀ nílò, á wá gbẹ. WHO tiẹ̀ dán an wò gẹ́gẹ́ bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1990, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí àtọ̀ wọn di òdo láàárín oṣù 6. Ohun tí wọ́n fi ń dènà oyún ni àwọn kan ń fún ọkùnrin tó ń wá ọmọ! Bí ó bá dá a dúró, iṣẹ́ sábà máa ń padà, àmọ́ ó ń gba sùúrù, torí pé sẹ́ẹ̀lì kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ 74 kó tó pé tán. Oṣù 6 sí ọdún kan kì í ṣe ohun àjèjì. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí dókítà bi ẹni tí èsì rẹ̀ jẹ́ òdo ni ohun tó ń lò. Kí ẹni náà sì sọ òótọ́, kódà bí ìyàwó bá jókòó síbẹ̀.

Àyẹ̀wò mìíràn tí wọn kò gbọ́dọ̀ fò ni ti ohun tí a jogún. Bí wọ́n bá rí i pé ọkùnrin ní kromosóòmù (fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ohun tí a jogún) X méjì àti Y kan dípò X kan àti Y kan, àrùn Klinefelter nìyẹn. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ìyípadà kromosóòmù tó ń fa òdo, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i ni kò mọ̀ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ. Kórópọ̀n wọn máa ń kéré gan-an. Láyé ìgbà kan, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ ilé. Lónìí, nǹkan bí 4 sí 5 nínú 10 lára wọn ni wọ́n ń bá sẹ́ẹ̀lì nínú kórópọ̀n wọn.

Àyẹ̀wò kejì ń wo Y fúnra rẹ̀, bóyá ibì kan ti já lára rẹ̀. Ibi mẹ́ta ni wọ́n máa ń wò, a, b àti c. Bí ó bá jẹ́ c ló já, ìrètí wà dáadáa. Nǹkan bí ìdajì wọn ni wọ́n ń rí nǹkan. Bí ó bá jẹ́ gbogbo a tàbí gbogbo b ló já, kò sí ìdí láti gbé abẹ, torí wọn ò ní rí nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló máa sọ èyí fún wọn. Bí dókítà bá ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ láìtíì ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ bi í léèrè ìdí.

Ó dára, ká ní gbogbo àyẹ̀wò ti parí, iṣẹ́ ni kò lọ, ọ̀nà sì ṣí láti wá a. Tẹ́lẹ̀, dókítà á gé ẹran díẹ̀ níbì kan nínú kórópọ̀n, bóyá níbi méjì mẹ́ta, á sì gbé e fún láàbù. Wàhálà rẹ̀ ni pé kórópọ̀n tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa kì í kú délẹ̀ bákan náà. Ó lè jẹ́ igun kékeré kan ló ṣì ń ṣe àtọ̀, kí gbogbo yòókù ti gbẹ. Ẹni tó gé ibòmíràn á ní kò sí. Lọ́dún 1999, Peter Schlegel ní New York tẹ èsì ọ̀nà tuntun jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní microTESE. Nínú ìwádìí yẹn, iye àwọn tí wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì lára wọn lọ láti 45 sí 63 nínú 100. Ẹran tí wọ́n gé kúrò sì já wálẹ̀ láti nǹkan bí mílígírààmù 720 sí nǹkan bí 9. Nọ́ńbà kejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí pé kórópọ̀n yẹn ṣì ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe fún ọkùnrin náà.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ẹni náà á sùn pátápátá. Dókítà á la àpò ẹpọ̀n láàárín, á gbé kórópọ̀n kan jáde, á la èèpo funfun tó yí i ká láti ìbú, á sì ṣí i sí méjì. Inú rẹ̀ dà bí òwú tútù tó lọ́ mọ́ra, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán tín-ín-rín. Lábẹ́ maikirosíkóòpù tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 15 sí 25, ìyàtọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn: èyí tó pọ̀ jù á tín-ín-rín, á máa mọ́ gaara, kò sí nǹkan nínú wọn. Ohun tí dókítà ń wá ni fọ́nrán tó sanra díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó funfun, tí ìmọ́lẹ̀ kò ráyè là á kọjá. Bó bá rí i, á já a pẹ́kí, á gbé e fún ẹni tó ń dúró dè é nídìí maikirosíkóòpù kejì. Ìyẹn á gé e wẹ́wẹ́, á wò ó, á sì dáhùn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ “kò tíì sí”, wọ́n á tẹ̀ síwájú, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n á rọra yà kúrò lára àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ kórópọ̀n, títí wọ́n á fi wo gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á tún wá kọjá sí ìkejì. Ó lè gba wákàtí 2, ó lè gba 4.

Wọ́n á rán gbogbo ojú ibẹ̀ padà, ọkùnrin náà á jí, àmọ́ iṣẹ́ láàbù ò tíì tán. Ẹni tó ń wá sẹ́ẹ̀lì lè jókòó sídìí ẹran wẹ́wẹ́ yẹn fún wákàtí púpọ̀. Bó bá rí wọn, wọn kì í sábà mira. Oògùn pentoxifylline ni wọ́n máa ń kán sí i láti mọ èyí tó ṣì wà láàyè, torí pé èyí tó bá ti kú kò wúlò fún ICSI. Mo rò pé àwọn èèyàn kì í ka iṣẹ́ ẹni yìí sí tó. Dókítà tó mọ abẹ lò dáadáa kò lè ṣe nǹkan kan bí ẹni tó jókòó sí láàbù bá ti rẹ̀ tàbí tí kò tíì mọṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń yan ibi tí ẹ máa lọ, ẹ bi wọ́n léèrè iye irú iṣẹ́ yìí tí àwọn méjèèjì ti ṣe, kì í ṣe ti dókítà nìkan.

Ìrètí tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ohun tó jẹ́. Láàárín àwọn tí kórópọ̀n wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan bí ìdajì ni wọ́n ń rí sẹ́ẹ̀lì lára wọn. Rírí sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọmọ. Ẹyin gbọ́dọ̀ gbà á, ọlẹ̀ gbọ́dọ̀ dàgbà, ilé ọmọ gbọ́dọ̀ dì í mú, oyún gbọ́dọ̀ dúró títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni àwọn kan ń já kúrò. Ọjọ́ orí ìyàwó sì wúwo níbẹ̀ gan-an. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí wọ́n yẹ ọkùnrin nìkan wò fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó ranti pé ẹyin obìnrin náà ń darúgbó.

Ìbéèrè kan wà tí tọkọtaya gbọ́dọ̀ dáhùn ṣáájú: ṣé ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa kó ẹyin ìyàwó tí wọ́n á sì ṣiṣẹ́ abẹ ọkọ, tàbí wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ti ọkọ, kí wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n bá rí sínú yìnyín? Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan náà, sẹ́ẹ̀lì tuntun ni wọ́n máa lò, èyí tó ṣe pàtàkì bó bá jẹ́ pé ìwọ̀nba ni wọ́n rí, torí pé àwọn mìíràn kì í la yìnyín já. Àmọ́ ìyàwó á ti gba abẹ́rẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 12, wọ́n á ti kó ẹyin rẹ̀, kí wọ́n tó wá sọ fún un pé wọn ò bá nǹkan kan lára ọkọ. Èmi á kúkú ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ, bí ibi tí wọ́n ń lọ bá mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sínú yìnyín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó di dandan kí àwọn méjèèjì ti jókòó sọ ọ́ ṣáájú: bí wọn ò bá rí i, ṣé ẹyin ni wọ́n á tọ́jú, ṣé àtọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n á lò, àbí wọ́n á dúró níbẹ̀? Ìpinnu yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bi èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ti ọmọ tí wọ́n máa bí náà ṣe pàtàkì. Ohun tó já lára Y bàbá ni ọmọkùnrin rẹ̀ máa gbà, òun náà á sì dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ iwájú. Ọkùnrin tí wọ́n bí láìní páìpù tó ń gbé àtọ̀ sábà máa ń gbé jíìnì àrùn cystic fibrosis, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ìyàwó bá gbé e pẹ̀lú, ọmọ lè bá àrùn náà wáyé. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ni wọ́n máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣe ICSI, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀rọ̀ á ti bọ́.

Bí wọn ò bá rí nǹkan kan ńkọ́? Wọ́n lè tún gbìyànjú, àmọ́ kì í ṣe kí oṣù 6 tó kọjá, kí kórópọ̀n lè jiná. Bí ó bá jẹ́ microTESE tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ohun tí ìgbà kejì máa mú wá kò pọ̀. Abẹ àkọ́kọ́ ni anfààní tó dára jù, èyí ni kò fi yẹ kí wọ́n fi í ṣòfò lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ewu rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú àpò ẹpọ̀n, kòkòrò tó wọ ojú ọgbẹ́, àti kórópọ̀n tó ń sún kì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó kẹ́yìn yìí kò wọ́pọ̀ mọ́ pẹ̀lú microTESE. Èyí tí wọn kì í sábà sọ fún ọkùnrin ni ti testosterone. Ó máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì máa ń wà nísàlẹ̀ jù láàárín oṣù 3 sí 6. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn á padà bọ̀ sípò láàárín ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀. Ti àwọn kan, pàápàá àwọn tó ní Klinefelter, lè má padà dé ibi tó wà. Bí àárẹ̀ bá ń mú un tí kò lọ, tí ìfẹ́ ìyàwó kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́, tí inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́ láìnídìí, ó lè jẹ́ testosterone tó wálẹ̀ ló fà á.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí àtọ̀ tàbí tí wọn ò rí i, ìyàwó ni gbogbo ojú máa ń yí sí, ọkọ á sì di ẹni ìgbàgbé ní ilé ìwòsàn. Kó má gbà. Kó béèrè fún àyẹ̀wò testosterone ní oṣù 3, oṣù 6 àti ọdún kan. Bó bá ti pinnu pé òun kò ní wá àtọ̀ mọ́, dókítà lè fún un ní testosterone láti ìta. Bó bá ṣì fẹ́ gbìyànjú, oògùn mìíràn wà tó ń mú ti ara rẹ̀ gòkè. Kó sì máa fọwọ́ yẹ ẹpọ̀n rẹ̀ wò lóṣooṣù nínú ilé ìwẹ̀, torí pé jẹjẹrẹ kórópọ̀n wọ́pọ̀ lára ọkùnrin tí àtọ̀ rẹ̀ kò péye ju lára àwọn yòókù lọ. Bó bá rí kókó tó le tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn, kódà bí kò bá dùn ún.